Bí A Ṣe Ń Fi Òrùka Ka Àlàfo

Ẹ jẹ́ kí n jókòó sídìí fèrèsé níbí, ibẹ̀ ni fóònù ti máa ń gbọ́ràn. Rárá, n kò mu tíì. Tólú, bá mi wo fóònù yẹn, ṣé iná ṣì wà nínú rẹ̀?

"Kaka, ba ta kira ba tukuna."

Mo mọ̀ pé kò tíì pè. Iná fóònù ni mo bi ọ́ léèrè. Ẹ̀yin ọmọ Kaduna wọ̀nyí, a ó fi Yorùbá bi yín ní ìbéèrè, ẹ ó fi Hausa dá wa lóhùn, ẹ ó sì tún dáhùn ohun tí a kò bi yín. Èmi náà tí mo tọ́ bàbá yín ní Kamazou níbí, ta ni mo fẹ́ dá lẹ́bi? Ẹ jókòó tì mí. Ọkàn mi kò lélẹ̀ lónìí. Bí n kò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ńṣe ni n ó máa rìn yí yàrá ká bí adìẹ tí ó fẹ́ yé ẹyin.

Rámọ́tà ni mò ń retí kó pè mí láti Ọ̀yọ́. Bàbá rẹ̀ ni Bọ̀dá Ràímì, tí a jọ ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní àdúgbò Television, ní nǹkan bí ọdún 1992, 1993, kí èyíkéyìí nínú yín tó dé ayé. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú ní oṣù tó kọjá. Apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Rámọ́tà ní bí àwọn bá pè é, òrùlé ló ń wò. Àwọn kò mọ̀ bóyá ó ṣì mọ ẹnikẹ́ni. Mo ní kó gbé bàbá jókòó sídìí tábìlì onígi, kó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé e, kó wá pè mí. Ó ní, "Ìyá Débọ̀, kí lẹ fẹ́ bá wọn sọ? Wọn ò lè dá yín lóhùn o." Mo ní kó ṣáà pè mí. Mo tún bi í pé òrùka fàdákà bàbá dà. Ó ní òrùka wà, àwọn ti bọ́ ọ kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún tó wú, ọwọ́ òsì ló wà báyìí. Ìyẹn ló mú kí n sùn lánàá. Ó ní bí wọ́n bá ti fún un lóúnjẹ tán lòun ó pè. Ta ni kò mọ̀ pé oúnjẹ ẹni tí a ń fi ṣíbí bọ́ kì í tètè tán?

Ẹ̀yin, bí ẹ bá fẹ́ tẹ ìṣirò, orí fóònù lẹ ó ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó tẹ àmì, àmì á bọ́ sí ibi tó yẹ, yóò sì gbé àlàfo tirẹ̀ wá láti ilé. Ẹ rò pé òfo lásán ni àlàfo. Níbi iṣẹ́ wa, àlàfo le ju lẹ́tà lọ. Lẹ́tà ní bọ́tìnì, o tẹ̀ ẹ́, ó jáde. Àlàfo tó yẹ ara àmì ìṣirò, ojú àti ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n, ọwọ́ náà sì ní láti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yìn gáréèjì Television ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Láti àárọ̀ ni àwọn ọmọ ọkọ̀ á ti máa pariwo "Kawo! Kawo! Kawo!" létí wa, òórùn kósé, àkàrà àwọn Hausa, tí wọ́n ń dín lójú títì á sì máa gba ojú fèrèsé wọlé. Bàbá Ìbejì ni ọ̀gá wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi. Ṣọ́ọ̀bù tó ń tẹ ìwé pọ̀ ní àdúgbò náà, wọ́n ń tẹ lẹ́tà, wọ́n ń tẹ ìwé ìpè sí ìyàwó, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá gbé ìṣirò dé, wọ́n á nawọ́ sí ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n á ní kó lọ bá àwọn tó ń kan tábìlì. Orúkọ wa nìyẹn, àwọn tó ń kan tábìlì. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Taipuráítà ni mò ń lò, irin dúdú tó wúwo bí ọlọ. Bí mo bá ń tẹ ọ̀rọ̀ lásán, ó ń dún bí òjò orí páànù. Bí mo bá dé ibi ìṣirò, òjò á dá. N ó tẹ ẹyọ kan, n ó dúró. N ó yí igi rẹ̀ tí bébà wé mọ́ sókè díẹ̀, á dún ká, fún nọ́ńbà kékeré tó ń gun èjìká lẹ́tà. N ó tún yí i wálẹ̀, ká. Bí mo bá fẹ́ ìdajì àlàfo, n ó di bọ́tìnì mú láìjọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ̀rọ náà lè rìn ní àbọ̀ ìṣísẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ìka mi á là, irin á tutù, eruku á kó sínú lẹ́tà títí tí a ó fi máa fi abẹ́rẹ́ tú u. Àwọn àmì tí taipuráítà kò ní, bí èyí tó dà bí òrùlé tí wọ́n fi ń bo nọ́ńbà, mo kàn ń fi àyè sílẹ̀ fún un ni. Bọ̀dá Ràímì á fi bírò ẹlẹ́nu tínínrín yà á. Bí àyè tí mo fi sílẹ̀ bá há, òrùlé á fún nọ́ńbà lọ́rùn. Bó bá fẹ̀ jù, ojú ìwé á dà bí ẹnu tí eyín ti ká. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ ṣe rí.

Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú. Ṣùgbọ́n gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń pè é ní Bọ̀dá, èmi náà sì bá wọn pè é, nítorí pé òun ló kọ́ mi ní àlàfo. Ọjọ́ kìíní, ó fi ìka sí àmì ìyọkúrò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní máínọ́ọ̀sì.

"Ìyá Débọ̀, bí eléyìí bá wà láàárín nǹkan méjì, onílàjà ni. Onílàjà kì í fara ti ẹnì kan. Ẹ fún un láyè lọ́tùn-ún, ẹ fún un láyè lósì."

Mo ní ó yé mi.

"Ẹ dúró ná. Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ni ín ńkọ́? Bí nọ́ńbà náà bá rẹlẹ̀ ju òfo lọ, tí wọ́n wá fi máínọ́ọ̀sì síwájú rẹ̀?"

Mo ní àyè kan náà ni. Ó rẹ́rìn-ín.

"Rárá o. Ọmọ tí a pọ̀n nìyẹn. Ẹ ti rí ìyá tó pọnmọ, tó wá fi àyè sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ọmọ?"

"Háà, ọmọ á já bọ́!"

"Ẹ ò wá rí i."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé àmì kan náà ni, ìjókòó ni kò jọra. Àwọn tíṣà a máa há ìṣirò wọn mọ́ra nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ, àfi kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ èyí tó jẹ́ onílàjà àti èyí tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bí a bá ṣì í, ọmọ iléèwé á jókòó sínú ìdánwò, á máa yọ ohun tí kò yẹ kó yọ, á sì rò pé orí òun ni kò pé.

Nítorí náà, bí mo bá tẹ ojú ìwé kan tán, a ó kà á. Èmi á mú èyí tí mo tẹ̀, Bọ̀dá Ràímì á mú èyí tí tíṣà fọwọ́ kọ. Èmi á máa pe àwọn àmì nìkan, n kò gbọdọ̀ pe àlàfo. Òun ló ń fi òrùka kan tábìlì níbi tí àlàfo yẹ kó wà. A, kó, máínọ́ọ̀sì, kó, b. Ibi tí ìdajì àlàfo bá wà, á yí ọwọ́ padà, á fi ẹran ìka kàn án, pẹ̀. Bó bá kan ibi tí kò sí àlàfo lójú ìwé mi, tàbí tí kò kan ibi tí mo fi àlàfo sí, n ó pariwo "Dúró!" A ó wá wò ó. Nígbà tó yá, a kì í wo ojú ara wa mọ́, etí ló ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà tó bá wọlé á rò pé àdúrà ni a ń gbà.

Ọjọ́ kejì Iléyá kan ni. Bọ̀dá Ràímì ti gbé ẹran wá fún mi nínú ìṣasùn, èmi náà kì í ṣàìgbé ìrẹsì Kérésìmesì lọ sílé rẹ̀ ní Kawo. À ń ka ìwé ìdánwò kan. Mo ń pè, ó ń kàn, bí mo ṣe rí i pé àlàfo ti pọ̀ jù nìyẹn. "Dúró! Ẹ kan ibi tí kò yẹ." Ó ní òun ò kàn án. Mo tún pè é, ó tún dún. Mo ní, "Bọ̀dá Ràímì, ṣé ẹran ló ń kùn yín lójú ni?" Ó búra. Àfi ìgbà tí a gbójú sókè, àwọn ọmọ kékeré nínú aṣọ Sálà tó ń dán ló tò sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń fi owó ẹyọ tí wọ́n rí gbà kan pákó ìnájà wa. "Barka da Sallah!" Bọ̀dá Ràímì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. A tún ojú ìwé náà kà láti òkè. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, a máa sọ pé òun ò mọ irú ìyàwó tó ń kan tábìlì oúnjẹ bí ẹni tó ń bínú. N kì í mọ̀ pé mò ń kàn án.

Tólú, ṣé kò dún? Ó dà bíi pé mo gbọ́ nǹkan. Ó dáa.

Kí ni mò ń sọ? Ẹ̀rọ. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í tọ́ lọ bí ọ̀pá ìbọn. Hausa kan wà tó jẹ́ tíṣà ìṣirò, Málàmù Sani, ó ń kọ ìwé fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Àwa la bá a tẹ apá kìíní. Nígbà tó fi máa gbé apá kejì dé, Bàbá Ìbejì ti ra kọ̀ǹpútà, ó sì ti gba ọmọbìnrin kan tó mọ̀ ọ́n lò. Kọ̀ǹpútà náà ń ya òrùlé fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ó ń wá àyè fún àmì fúnra rẹ̀. Bọ̀dá Ràímì wò ó látòkèdélẹ̀. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Mo ní irọ́ ni, mo ní irin kò lè mọ onílàjà yàtọ̀ sí ọmọ tí a pọ̀n.

Bàbá Ìbejì kì í ṣe ìkà. Ó pè wá jókòó. Ó ní, "Ràímì, agbára mi ò lè gbé kọ̀ǹpútà kó tún gbé òrùka. Ìyá Débọ̀ á kọ́ kọ̀ǹpútà, nítorí ó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ ka orí kìíní tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ yìí. Bí ẹ bá rí ibi tó ti ṣi àlàfo, á jẹ́ pé a ṣì nílò yín, ẹ ó jókòó. Bí ẹ ò bá wá rí i..." Ó bọ́ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láti gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kó yé yín. Ọ̀dọ́ tí kò tíì gbéyàwó ni Bọ̀dá Ràímì nígbà tó kúrò ní Ọ̀yọ́. Kawo ló ti bí gbogbo ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ̀ kò ju bírò tínínrín àti òrùka yẹn lọ, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní Kaduna tó nílò wọn. Bí a kò bá rí àṣìṣe kan ṣoṣo, á di ẹrù, á padà sílé tí kò mọ̀ mọ́. Mo sì ti mọ̀ pé n kò ní í lè bá ẹlòmíràn kàwé bẹ́ẹ̀ láé. Mo gbàdúrà sínú, Ọlọ́run ló gbọ́ mi, pé kí kọ̀ǹpútà ṣìṣe.

A bẹ̀rẹ̀. Mo ń pè, ó ń kàn. Gbogbo ibi tó bá kàn, àlàfo wà níbẹ̀. Ibi tó bá fi ẹran ìka kàn, àlàfo kékeré ló wà níbẹ̀. Ojú ìwé kan tán, òmíràn tán. Bàbá Ìbejì ò gbọ́ nínú iṣẹ́ náà ju ariwo tábìlì lọ, bí mo bá pariwo "Dúró!" kò ní í mọ̀ bóyá òótọ́ ni. A dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Mo pè é: x. Kó. Íkúà. Kó. Máínọ́ọ̀sì.

Mẹ́rin ló tẹ̀ lé e, òun ló ni máínọ́ọ̀sì náà, kò yẹ kí àlàfo wà níbẹ̀. Mo gbójú sókè. Òrùka wà lókè. Ó wà lókè, kò sọ̀kalẹ̀, ojú wa sì pàdé. Ó mọ ohun tí mo ń rò. Ìkànkan péré ló kù, èké kan ṣoṣo, á sì jókòó sí Kaduna. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn án. Ó rọra gbé ọwọ́ náà sórí itan rẹ̀.

"Ọmọ ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀," ó sọ fún Bàbá Ìbejì. "Ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n, ọ̀gá. Ẹ kú oríire."

Mo bínú sí i. Mo bínú tí n kò fi lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un pé, "Ẹ ò kúkú kàn án? Ta ló máa mọ̀?" Ó ní, "Ìyá Débọ̀, ọmọ iléèwé tí ọmọ bá já bọ́ mọ́ lọ́wọ́ á mọ̀." Málàmù Sani tó wá gba ìwé rẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ń mi orí, ó ń yìn ín lédè Hausa pé "Madalla, Malam Raimi, madalla," bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Madalla kò dá ẹnikẹ́ni dúró sí Kaduna. Kí ọdún náà tó parí, mo sin òun àti ìyàwó pẹ̀lú àwọn ọmọ dé gáréèjì Kawo. Rámọ́tà ṣì ń wọ aṣọ iléèwé nígbà yẹn. Nígbà tí ọkọ̀ ń ṣí, Bọ̀dá Ràímì fi òrùka kan gíláàsì fèrèsé, lẹ́ẹ̀kan péré. Àlàfo ló fi sí àárín wa, mo sì mọ̀ ọ́n.

Mo kọ́ kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ ọ́n lò dáadáa, ẹ má fojú kéré mi. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù náà dákẹ́ lójijì. Ẹ̀rọ kì í bi mí ní nǹkan kan. N kì í pariwo "Dúró" sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ọkọ̀ ṣì ń pe Kawo lẹ́yìn fèrèsé, èmi sì jókòó, mò ń tẹ̀, mò ń retí ìró tí kò ní í dún. A máa ń pe ara wa lórí fóònù nígbà ọdún, lẹ́yìn tí fóònù wọ̀lú. Ó ní òun ń ran ọmọ ọmọ òun lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìṣirò. Ìyẹn...

"Kaka! Waya! Waya!"

Gbé fóònù náà wá. Ẹ dákẹ́, gbogbo yín. Ọ̀kan nínú yín pa rédíò yẹn. Hẹ́lóò, Rámọ́tà? Ṣé wọ́n ti jẹun tán? Ṣé tábìlì onígi ni? Ó dáa, ọmọ mi. Gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí o ṣí ohùn rẹ̀ sókè.

Bọ̀dá Ràímì. Èmi Ìyá Débọ̀ ni, láti Kaduna. N kò ní bi yín bí ara ṣe rí. A fẹ́ kàwé ni. Ṣé ẹ ti múra? A.

A.

"Ìyá Débọ̀, wọ́n kàn ń wo òrùlé ni o."

Fi wọ́n sílẹ̀, Rámọ́tà. Bọ̀dá Ràímì, mo ní a.

Kó.

Ẹ gbọ́ ọ? Tólú, o gbọ́ ọ? Máínọ́ọ̀sì.

Kó.

B.

"Yéè! Ọwọ́ wọn ń gbéra! Ìyá Débọ̀, ṣùgbọ́n bóyá ó kàn ń gbọ̀n ni o. Ó máa ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Dókítà ní ká má gbára lé e."

Ó lè jẹ́ pé ó kàn ń gbọ̀n lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n mí. Bọ̀dá Ràímì, ojú ìwé tó kẹ́yìn ló kàn. X.

Kó.

Íkúà.

Kó.

Máínọ́ọ̀sì.

...

"Wọ́n ti dáwọ́ dúró, mà. Òrùka náà wà lókè, wọn ò kàn án mọ́. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Ẹ má bínú, Ìyá Débọ̀, ẹ ṣé tí ẹ gbìyànjú. Kí n gbé fóònù kúrò?"

Má gbé e! Rámọ́tà, má fọwọ́ kàn án! Kò rẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ kò ní àlàfo. Bàbá rẹ mọ̀ mí. Bàbá rẹ wà níbẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò jẹ́ kó já bọ́. Tólú, fún mi ní aṣọ inujú. Bọ̀dá Ràímì, mo gbọ́ yín. Mẹ́rin. Ó yá, ìlà tó kàn.